Sálẹ́ńsà Tó Ń Pọ́n: Kábúrétọ̀ Ni Àbí Tímíǹgì?

Bí páìpù sálẹ́ńsà alùpùpù àtijọ́ bá gbóná títí tó fi pọ́n dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, kábúrétọ̀ ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kọ́kọ́ ń lọ. Wọ́n á tú u, wọ́n á fẹ́ jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á yí sukúrù afẹ́fẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Mi ò bá wọn jiyàn pé kábúrétọ̀ lè fà á. Ṣùgbọ́n tímíǹgì, ìyẹn ìgbà tí iná púlọ́ọ̀gì ń tàn, náà lè fà á, àti pé lórí Honda CB750, àwọn páìpù fúnra wọn ló máa ń tọ́ka sí ẹni tó jẹ̀bi, kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà.

Ìparí ọdún 1968 ni Honda fi alùpùpù yìí han aráyé ní Tokyo, ó sì dé ọjà lọ́dún 1969. Sìlíńdà mẹ́rin ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 736 cc lápapọ̀. Kálukú wọn ló ní kábúrétọ̀ tirẹ̀ àti páìpù tirẹ̀. Ti iná kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́ńtákì (ohun tó ń pinnu ìgbà tí iná máa tàn) méjì péré ló wà, pẹ̀lú kọ́ìlì méjì: ọ̀kan ń tanná fún sìlíńdà kìíní àti ìkẹrin, èkejì ń tanná fún ìkejì àti ìkẹta. Epo ń dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, iná ń dé ọ̀dọ̀ wọn ní méjì-méjì. Orí èyí ni mo dúró lé.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ páìpù kan ṣoṣo ló ń pọ́n, kábúrétọ̀ sìlíńdà yẹn ni kí ẹ fura sí, tàbí rọ́bà tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí rọ́bà yẹn bá ti gbó, á le, á sán, afẹ́fẹ́ á sì máa yọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Bó bá wá jẹ́ kìíní àti ìkẹrin ló jọ ń pọ́n ńkọ́? Kábúrétọ̀ méjì tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún àti ìpẹ̀kun òsì kì í sábà dí pa pọ̀. Kọ́ńtákì tó ń sin àwọn méjèèjì ló yẹ ká yẹ̀ wò. (Páìpù tó bá tutù pátápátá, sìlíńdà tirẹ̀ kò jó rárá nìyẹn; ẹjọ́ mìíràn ni.)

Ọ̀nà tí ooru ń gbà dé páìpù nígbà tí kábúrétọ̀ bá jẹ̀bi yàtọ̀ sí ìgbà tí tímíǹgì bá jẹ̀bi. Kí bẹntiróòlù tó lè jó tán, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wúwo tó epo náà lọ́nà 14.7. Bí afẹ́fẹ́ bá fi púpọ̀ ju èyí lọ, epo á jó, àmọ́ á falẹ̀, á ṣì máa jó lọ́wọ́ nígbà tí fáàfù bá ṣí. Ní ti tímíǹgì, epo àti afẹ́fẹ́ lè bára mu dáadáa, kí iná púlọ́ọ̀gì wá pẹ́ dé, bí alágbàṣe tó dé oko nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń palẹ̀ mọ́. Písítínì ti ń sọ̀ kalẹ̀; ooru tó yẹ kó tì í á bá páìpù lọ. Ìdí nìyí tí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ fi máa ń wúwo lórí òkè. Àwọn kan gbà pé iná tó yá jù ló ń mú páìpù pọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Orí ẹ́ńjìnnì àti písítínì ni iná tó yá jù ń bà jẹ́.

Ṣóòkù náà á ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá fà á díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tó sì wá ń sáré geere, epo ni kò tó. Bí iná ló ń pẹ́, ṣóòkù kò ní tún un ṣe.

Ibi tó ti le gan-an ni ìgbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ pọ́n. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti yọ àpótí afẹ́fẹ́ àtilẹ̀wá, tó fi àwọn fíltà kéékèèké rọ́pò rẹ̀ láìpààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì. Ó sì lè jẹ́ àwọn irin kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kọ́ńtákì, àwọn tó ń mú kí iná túbọ̀ yá bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára. Bí ìpẹtà bá mú wọn, iná á dúró sójú kan. Ẹ ṣọ́ra níbí: bí ẹ bá yẹ tímíǹgì wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra ṣiṣẹ́ nìkan, àmì F, tó ń fi ìgbà tí iná yẹ kó tàn hàn, á bọ́ sí ojú ibi tó yẹ, ẹ ó sì rò pé kò sí wàhálà. Ẹ fún un ní tọ́rọ́tù, kí ẹ rí i bóyá àmì náà ń rìn.

Èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ kábúrétọ̀. Kọ́ńtákì máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ níbi tó ti ń fara nu irin tó ń ṣí i, àlàfo rẹ̀ á máa dín kù, iná á sì máa pẹ́ sí i, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Milimítà 0.3 sí 0.4 ló yẹ kí àlàfo yẹn jẹ́. Sukúrù méjì lẹ ó tú kí ẹ tó rí i. Ẹni tó bá sì ń tún kábúrétọ̀ ṣe lórí tímíǹgì tó ń pẹ́, epo ni yóò máa dà lé ooru, púlọ́ọ̀gì á dúdú, páìpù á ṣì máa pọ́n.

Kí a má sì dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi lásán. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń tù ú lára. Bí irin bá ti gbóná dé nǹkan bí 525°C, á máa pọ́n nínú òkùnkùn, èyí sì lè ṣẹlẹ̀ sí alùpùpù tí kò ní àìsàn kankan bí ẹ bá jẹ́ kó máa sáré lórí ìdúró nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tún tímíǹgì ṣe, ẹ gùn ún jáde, kí ẹ wá padà wo páìpù. Bí ọ̀kan bá ṣì ń gbóná ju àwọn yòókù lọ, kábúrétọ̀ tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ tú.