Ìgbéga Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ sí Ètò Ìṣiṣẹ́ tí Olùṣe Rẹ̀ Kò Fọwọ́ Sí

Ìgbéga kọ̀ǹpútà àtijọ́ sí ètò ìṣiṣẹ́ tí kò ní ìfọwọ́sí ni fífi ẹ̀dà tuntun ètò ìṣiṣẹ́ sórí ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ètò náà ti sọ pé kò kájú òṣùwọ̀n. Ètò ìṣiṣẹ́ ni olórí gbogbo ètò inú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń darí ọpọlọ ẹ̀rọ, ìrántí, ibi ìpamọ́ àti ojú ẹ̀rọ, orí rẹ̀ sì ni àwọn ètò yòókù ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró.

Ọjà tòkunbọ̀ àti àdúgbò bíi Dansoman

Dansoman jẹ́ àdúgbò ńlá ní ìwọ̀-oòrùn Accra, olú-ìlú Gánà, níbi tí àwọn ilé ibùgbé tí ìjọba kọ́, ṣọ́ọ̀bù àti ilé-ẹ̀kọ́ ti wà pọ̀. Níbẹ̀ ni Yunifásítì Mẹ́tọ́díìsì ti Gánà ní ọgbà. Ní irú àdúgbò báyìí, kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí oníṣòwò kékeré ń lò kì í sábà jẹ́ tuntun. Ẹ̀rọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti lò fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n sì tà dànù, ni ó ń wọ ọjà. Àwọn ará Gánà máa ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní "home used". Àwọn Yorùbá ń pè é ní tòkunbọ̀.

Láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì bíi HP EliteBook 840 G3, Dell Latitude E7470 tàbí Lenovo ThinkPad T470 jẹ́ àpẹẹrẹ irú ẹ̀rọ yìí. Wọ́n lágbára tó fún ìwé kíkọ, ìṣirò owó àti ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọpọlọ Intel ìran kẹfà tàbí ìkeje ni ó wà nínú wọn, Windows 11 kò sì ka ìran méjèèjì yìí mọ́ àwọn tí ó gbà, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran kẹjọ sẹ́yìn.

Ohun tí Windows 11 béèrè

Windows 11 jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021. Ó béèrè ìrántí GB 4 ó kéré tán, ibi ìpamọ́ GB 64, ọpọlọ Intel láti ìran kẹjọ lọ sókè tàbí AMD Ryzen láti ọ̀wọ́ 2000. Ó tún béèrè UEFI tí ó lè ṣe Secure Boot, àti TPM ẹ̀dà 2.0.

TPM jẹ́ ṣíìpù kékeré, tàbí apá kan nínú ọpọlọ ẹ̀rọ, tí ń tọ́jú àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí kí olè má baà lè jí wọn kó. Secure Boot, ní tirẹ̀, ń yẹ àwọn ètò tó kọ́kọ́ ń jí nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ wò, kí ètò aṣèbàjẹ́ má baà ti ibẹ̀ wọlé. Ààbò ni Microsoft fi ṣe àlàyé òfin yìí. Àwọn tó tako ó sọ pé òfin náà sọ ẹ̀rọ tó ṣì dára di aláìwúlò ṣáájú àkókò.

Bí a ṣe ń ṣe ìgbéga náà

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ ìdí tí ẹ̀rọ kò fi yege. Lórí ẹ̀rọ mìíràn, TPM wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á nínú ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ. Lórí òmíràn, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi pín ibi ìpamọ́ ni kò jẹ́ kí Secure Boot ṣiṣẹ́. Windows ní irinṣẹ́ tirẹ̀, mbr2gpt, tí ń yí i padà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí ọpọlọ rẹ̀ bá wà lára àwọn tí a gbà, lè wọ Windows 11 lọ́nà tó tọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ọpọlọ tàbí TPM gan-an ni kò tó, ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni àkọsílẹ̀ kan nínú ìwé àkójọ ètò Windows, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AllowUpgradesWithUnsupportedTPMOrCPU. Microsoft fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀ ní ọdún 2021, ó sì béèrè pé kí TPM ẹ̀dà 1.2, ó kéré tán, wà nínú ẹ̀rọ. Èkejì ni Rufus, ètò ọ̀fẹ́ tí Pete Batard ṣe, tí ń ṣètò fíláàṣì GB 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí yóò fo àyẹ̀wò náà kọjá.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ọgbọ́n kò lè kọjá. Láti ẹ̀dà 24H2 ti Windows 11, ọpọlọ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ àwọn àṣẹ SSE4.2 àti POPCNT. Ẹ̀rọ Core 2 Duo kò mọ̀ wọ́n, nítorí náà kò lè tan rárá pẹ̀lú ẹ̀dà náà.

Ní ìhà ti Apple, OpenCore Legacy Patcher ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn Mac àtijọ́ tí ọpọlọ Intel wà nínú wọn.

Ewu tó wà níbẹ̀

Microsoft kìlọ̀ pé ẹ̀rọ tí kò kájú òṣùwọ̀n kò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe, títí kan àtúnṣe ààbò. Ní ìṣe, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gba àtúnṣe oṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ṣe onígbọ̀wọ́ pé yóò máa rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ńlá ọdọọdún sì sábà máa ń béèrè pé kí oníṣẹ́ tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọlé. Ohùn, kámẹ́rà tàbí Wi-Fi lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nítorí pé kò sí ètò tó bá wọn mu.

Ewu mìíràn jẹ́ ti àyíká. Bí iná mànàmáná bá lọ láàárín ìgbéga, tí bátìrì láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ náà kò sì dá dúró mọ́, ẹ̀rọ lè má tan mọ́. Ní Gánà, níbi tí àwọn ènìyàn ń pe àìdúróṣinṣin iná ní "dumsor", èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀dà kíkún Windows 11 tún ju GB 5 lọ, owó dátà sì ni. Bí BitLocker bá sì ti tì ibi ìpamọ́ pa, títan TPM tàbí Secure Boot lè mú kí ẹ̀rọ béèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà. Ẹni tí kò bá ní in yóò pàdánù fáìlì rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a kó ẹ̀dà iṣẹ́ gbogbo sí ibòmíràn ṣáájú.

Ìdúró lórí ètò àtijọ́ náà ní ewu tirẹ̀. Nínú oṣù Èbìbí ọdún 2017, kòkòrò WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, ó sì dí iṣẹ́ àwọn ilé ìwòsàn lọ́wọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde nínú oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà; àwọn ẹ̀rọ tí kò gbà á ni kòkòrò náà rí mú.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

Microsoft ṣètò àfikún àtúnṣe ààbò Windows 10 fún àwọn aládàáni títí di ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2026. Ọ̀nà kejì ni ètò ìṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ bíi Ubuntu tàbí Linux Mint, tí kò béèrè TPM, tí ó sì ń gba àtúnṣe láìsí ọgbọ́n àyídáyidà. ChromeOS Flex ti Google wà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì jù. Fífi SSD rọ́pò háàdì dísíìkì sì ń mú ẹ̀rọ àtijọ́ yá ju ìgbéga èyíkéyìí lọ.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ẹ̀rọ

Kọ̀ǹpútà tí a bá jù nù kò parẹ́. Ní Agbogbloshie ní Accra, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀dọ́ ń fọ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì ń sun wáyà láti rí bàbà inú rẹ̀, èéfín májèlé sì ń wọ inú ara wọn. Gánà ṣe òfin nípa ìdọ̀tí eléwu àti ti ẹ̀rọ, Òfin 917, ní ọdún 2016; ìjọba sì palẹ̀ àgbàlá àlòkù irin ibẹ̀ mọ́ nínú oṣù Agẹmọ ọdún 2021. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ kan bá fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀ láìléwu ń dín ohun tó ń dé irú ibẹ̀ kù.

Nítorí náà, ìpinnu náà dá lórí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe. Ẹ̀rọ tí a ń fi kẹ́kọ̀ọ́ lè fara da ìgbéga tí kò ní ìfọwọ́sí bí ẹ̀dà iṣẹ́ inú rẹ̀ bá wà níbòmíràn. Ẹ̀rọ tí owó báńkì tàbí ìwé àwọn oníbàárà wà lórí rẹ̀ sàn kí ó wà lórí ètò tí olùṣe rẹ̀ ṣì ń dáàbò bò.