Ọlọ́dẹ Kọ̀ǹpútà Tó Ń Ṣọ́lé Lọ́fẹ̀ẹ́: Kí Ló Rí Nínú Ilé, Ta Ló sì Tà Á Fún?

Ẹni tó bá ti jókòó rí nídìí kọ̀ǹpútà ní sáíbá kafé, tàbí tó ti gbé ìwé lọ fún àwọn tó ń báni tẹ̀wé, ó ṣeé ṣe kó ti gbóhùn Avast láìmọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní bá a sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ á kàn ṣàdédé fọhùn látinú ẹ̀rọ pé òun ti gba àkọsílẹ̀ tuntun nípa fáírọ́ọ̀sì. Àlejò á ta gìrì. Onílé á ní, “Ẹ má dá a lóhùn, ọlọ́dẹ wa ni.” Ọ̀fẹ́ ni ọlọ́dẹ ọ̀hún. Ọ̀fẹ́ yìí ló jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ kan káàkiri ayé, ọ̀fẹ́ yìí kan náà ló sì kó o sí wàhálà ńlá ní ọdún 2020.

Kò sí idán nínú ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà o. Èèyàn kan ló jókòó, tó kọ àṣẹ burúkú, tó fi í pamọ́ sínú nǹkan tí ẹlòmíràn máa ṣí. Bí onítọ̀hún bá ti ṣí i, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òmíràn á ba gbogbo ìwé inú ẹ̀rọ jẹ́. Òmíràn á jí nọ́ńbà àṣírí báńkì. Òmíràn á ti gbogbo rẹ̀ pa, á ní kí oníǹkan lọ sanwó kí òun tó ṣí i. Á sì máa bí ara rẹ̀ ní àbítúnbí, á máa ti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn bí iná orí ṣe ń ti orí ọmọ kan bọ́ sí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

DÍSÍKÌ KAN NÍ PRAGUE

Ìlú Prague ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1988, nígbà tó jẹ́ olú-ìlú Czechoslovakia, tí ìjọba Kọ́múníìsì sì wà lórí àga. Ọ̀gbẹ́ni Pavel Baudiš ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí kan tó jẹ́ ti ẹ̀rọ ìṣirò. Dísíkì pẹlẹbẹ kan bọ́ sí i lọ́wọ́, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Vienna sì wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá jù ú sí ààtàn. Baudiš jókòó tì í ní tiẹ̀, ó tú u palẹ̀ títí ó fi mọ bó ṣe ń rìn, ó wá kọ ètò tó máa lé e jáde. Òun àti Ọ̀gbẹ́ni Eduard Kučera, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, rí i pé ọjà ni nǹkan yìí.

Ṣùgbọ́n ìlú tí ìjọba ti ń darí gbogbo òwò, kì í ṣe ibi téèyàn ti lè gba ṣọ́ọ̀bù kó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú bíi ti Gbági. Abẹ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n gbà wọlé. Alwil ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà, Avast sì ni orúkọ ọjà tí wọ́n ń tà. Ní oṣù November 1989, aráàlú tú sójú títì, ìjọba Kọ́múníìsì wó, ilẹ̀kùn òwò sì ṣí. Nígbà tó di 1991, Alwil ti di iléeṣẹ́ gidi. (Ọdún 2010 ni wọ́n tó gba orúkọ ọjà fi jẹ orúkọ iléeṣẹ́.)

Ọjà dára, owó ni ò fẹ́ wọlé. Ní 1997, McAfee ti Amẹ́ríkà, bàbá ìsàlẹ̀ nínú òwò yìí nígbà náà, fẹ́ rà wọ́n tilé-tọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ò tà. Ọkàn le lóòótọ́! Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 2001, ọwọ́ ti há.

Ẹ̀ÈNÌ TÓ JU ỌJÀ LỌ

Ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà àbáyọ ni wọ́n ti dá ọgbọ́n tí gbogbo ìyálọ́jà mọ̀: jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò. Ní 2001 wọ́n kéde pé ẹni tó bá fẹ́ lo Avast nínú ilé ara rẹ̀, kó wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ààbò tó ju ìyẹn lọ, tàbí tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ajé, ni kó sanwó. (Ká sòótọ́, mélòó nínú àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló ka ibi tí wọ́n kọ “inú ilé” sí?) Ní 2004, àwọn tó ń lò ó ti pé mílíọ̀nù kan. Ní 2006, wọ́n ti di mílíọ̀nù 20. Àwọn tó ń sanwó nínú wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú mílíọ̀nù 20 kì í ṣe nǹkan kékeré.

Iṣẹ́ wo ló wá ń ṣe? Ó ní ìwé ńlá kan tí ipasẹ̀ gbogbo olè tí wọ́n ti mú rí wà nínú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ, á fi wé ìwé náà. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ máa gba àkọsílẹ̀ tuntun nìyẹn, nítorí olè àná kọ́ ni olè òní. Èyí tí kò bá sí nínú ìwé, á máa ṣọ́ ìrìn rẹ̀. Bó bá ń ṣe wọ́nwọ̀nwọ́n, á gbá a mú, á jù ú sínú àpótí tí kò ti lè ta pútú. Ó tún ń kìlọ̀ bí èèyàn bá fẹ́ ṣí ojúlé ayédèrú tó fara jọ ti báńkì. Àwọn tí ọ̀daràn bá ti ìwé wọn pa, Avast ní kọ́kọ́rọ́ fún oríṣi díẹ̀ nínú àgádágodo ọ̀hún, kì í sì í gbowó lé e.

Ọrọ̀ wá dé. Ní 2016, wọ́n fi owó tó tó bílíọ̀nù dọ́là 1.3 ra AVG, tí òun náà ṣẹ̀ wá láti ìlú Brno lórílẹ̀-èdè kan náà. Ní 2018, wọ́n gbé ìpín iléeṣẹ́ lọ sí ọjà ìdókòwò London.

Láàárín ọdún méjì yìí, olè wọlé ọlọ́dẹ. Avast ra iléeṣẹ́ tó ni CCleaner, ètò tó ń gbá ìdọ̀tí inú kọ̀ǹpútà, ní 2017. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àwọn ọ̀daràn ti fi májèlé sínú CCleaner láti orísun. Ẹ̀rọ bíi mílíọ̀nù 2.27 ló gbà á wọlé pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn.

ÌYẸN Ṣì KÉRÉ

Ká ní ìyá aláṣọ kan rí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọlọ́dẹ ò mú aṣọ kankan, olè tó bá sì wá, á lé e. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló wá, kí ló dúró wò, èló ló ná an, ta ni màmá jẹ ní gbèsè, oògùn wo ló ń lò. Ilẹ̀ mọ́ tán, ó gbé ìwé lọ tà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Avast ní iléeṣẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Jumpshot. Láti 2014 títí di 2020, Jumpshot ń ta àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn oníbàárà Avast ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníṣòwò tó ju 100 lọ. Èèyàn tó ń wá oògùn àìsàn tó ń tì í lójú, èyí tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, èyí tó ń wá owó yá: gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Avast ní àwọn ti yọ orúkọ kúrò. Àmọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ọ̀hún, àkókò tí wọ́n tẹ nǹkan sì pé síbẹ̀ pérépéré. Oníṣòwò tó bá ti mọ ẹni tó ra nǹkan lọ́dọ̀ òun ní déédéé aago yẹn, á fi ìwé méjèèjì wéra, orúkọ á bọ́ síta.

Ní January 2020, àwọn oníròyìn Motherboard àti PCMag tú àṣírí náà. Kí oṣù ọ̀hún tó parí, Ọ̀gbẹ́ni Ondřej Vlček, ọ̀gá Avast, tọrọ àforíjì, ó sì ti Jumpshot pa. Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ní 2024, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà, tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ní kí wọ́n san mílíọ̀nù dọ́là 16.5, kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ tí wọ́n kó fún Jumpshot rẹ́, kí wọ́n má sì tún ta irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìpolówó ọjà mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, àjọ tó ń rí sí àṣírí aráàlú ní Czech bu owó ìtanràn tiwọn náà lé wọn: mílíọ̀nù 351 owó ìlú wọn. Ohun tó dunni jù ni pé àwọn tó wá ààbò wá sọ́dọ̀ wọn, torí pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa yọjú wo inú ilé wọn, ni wọ́n tà.

Avast kò dá dúró mọ́ báyìí. Ní September 2022, ó parapọ̀ mọ́ NortonLifeLock ti Amẹ́ríkà. Gen Digital ni wọ́n ń pe àpapọ̀ wọn. Ọ̀fẹ́ náà ṣì wà, iṣẹ́ lílé fáírọ́ọ̀sì ò sì tíì bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ẹni tó ń bá yín tún fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ṣe bá fẹ́ fi í sí i, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àṣírí sí, kó ka ohun tí wọ́n ń gbà jáde sí yín létí, kó sì yọ àmì kúrò níwájú èyí tí ẹ ò bá fẹ́, kó tó gba owó iṣẹ́ rẹ̀.