Ẹbí Pipidae: Ìpín àti Ìtàn Ìran Àwọn Àkèré Aláìláhọ́n

Nígbà òjò, ẹni tó bá sùn ní Ajamimogha ní ìlú Warri, Ìpínlẹ̀ Delta, yóò máa gbọ́ igbe ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré láti inú gọ́tà àti àbàtà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹbí àkèré kan wà ní gúúsù Nàìjíríà tí etí kì í sábà gbọ́ ohùn wọn, nítorí abẹ́ omi ni wọ́n ti ń ké. Wọn kì í fẹ́ ọ̀fun bí àwọn àkèré yòókù. Inú gògóńgò wọn ni ìró kékeré kan ti ń ta pó, pó, pó, omi a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè. Ẹbí yìí ni àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè ń pè ní Pipidae. John Edward Gray, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fún un ní orúkọ yìí ní ọdún 1825.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a óò máa lò. Ẹbí ni àkójọpọ̀ tó fẹ̀ jù lọ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìdílé wà lábẹ́ ẹbí. Irú sì wà lábẹ́ ìdílé. Orúkọ onílédè méjì tí sáyẹ́ǹsì máa ń lò, bí i Xenopus tropicalis, ń sọ ìdílé ní àkọ́kọ́ kí ó tó sọ irú. Èdè Yorùbá ní ìpín tirẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀pọ̀lọ́ tí awọ rẹ̀ rí ṣákiṣàki, àkèré tí ara rẹ̀ ń dán tó sì ń fò jìnnà, kọ̀ǹkọ̀ tó tóbi tí a ń jẹ. Ìpín yẹn wúlò fún ọdẹ, fún alásè àti fún apàlọ́, ṣùgbọ́n orí ìrísí àti ìlò ni a gbé e kà, kì í ṣe orí ìbátan. Ìbátan ni ìpín ti sáyẹ́ǹsì ń wá.

Kí ni a fi ń mọ Pipidae? Wọn kò ní ahọ́n rárá. Ẹnu ni wọ́n fi ń fa oúnjẹ mì pẹ̀lú omi, ọwọ́ ni àwọn mìíràn sì fi ń tì í wọlé. Inú omi ni wọ́n ń gbé láti kékeré títí di ọjọ́ ikú, ara wọn pẹlẹbẹ, ojú wọn sì kọjú sí òkè. Àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké tí ọmọ àkèré fi ń mọ ìrúkèrúdò omi, èyí tí ọ̀pọ̀ àkèré máa ń pàdánù nígbà tí wọ́n bá dàgbà, kò kúrò lára ọ̀pọ̀ nínú tiwọn. Àwọn ti Áfíríkà tún ní èékánná dúdú lórí ìka mẹ́ta ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ohun tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín àkèré.

Ìdílé mẹ́rin ló wà nínú ẹbí náà, gbogbo irú wọn sì ń lọ sí bíi 40. Xenopus ló pọ̀ jù, Áfíríkà nìkan ló sì ti wá. Hymenochirus kéré gan-an, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Hymenochirus boettgeri wà láti Nàìjíríà dé Kóńgò, ó sì wà nínú àpótí gíláàsì àwọn tó ń sin ẹja ní ilé káàkiri àgbáyé. Pseudhymenochirus ní irú kan ṣoṣo, ní ìhà Guinea àti Sierra Leone. Ìkẹrin ni Pipa, tó wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Abo Pipa pipa máa ń gbé ẹyin sínú awọ ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ yóò sì wà títí yóò fi jáde bí àkèré kékeré.

Ọ̀kan nínú wọn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1864, Gray kan náà ṣàpèjúwe àkèré kan tí wọ́n mú wá láti Èkó, ó sì pè é ní Silurana tropicalis. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ kó o mọ́ Xenopus. Ní ọdún 1988, David Cannatella àti Linda Trueb yẹ egungun wọn wò fínnífínní, wọ́n sì rí i pé nínú àwọn àmì kan, Silurana sún mọ́ Pipa àti Hymenochirus ju bó ṣe sún mọ́ Xenopus lọ. Ni wọ́n bá dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ka DNA fi dé pẹ̀lú èsì mìíràn: Silurana àti Xenopus ni ọmọ ìyá. Lónìí, Xenopus tropicalis ni ọ̀pọ̀ ń kọ, Silurana sì di ìpín kékeré láàárín Xenopus.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè kò ní ṣàjèjì sí irú àríyànjiyàn yìí. Yorùbá, Itsekiri tí a ń sọ ní Warri, àti Igala jẹ́ ọmọ baba kan. Bí a bá fẹ́ mọ èyí tó sún mọ́ ara wọn jù nínú wọn, ohun tí gbogbo wọn jọ jogún kò lè ràn wá lọ́wọ́, nítorí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ohun tuntun tí méjì jọ dá lẹ́yìn tí wọ́n ti ya kúrò lára ẹ̀kẹta ni ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti àkèré. Àìní ahọ́n so gbogbo Pipidae pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún wa bí wọ́n ṣe pín láàárín ara wọn. Bí èdè méjì sì ṣe lè pàdé lójú ọ̀nà kí wọ́n jọ ara wọn láìjẹ́ pé ìyá kan ló bí wọn, bẹ́ẹ̀ ni egungun méjì lè jọra nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú omi.

Ọjọ́ ẹbí yìí ti pẹ́. A rí egungun àwọn ìbátan wọn tó di òkúta ní Ísírẹ́lì àti ní Ajẹntínà. Ọ̀kan tí a ń pè ní Pachycentrata wá láti In Becetén ní orílẹ̀-èdè Niger, láti ìgbà tí àwọn dáínọ́sọ̀ ṣì wà láyé. Ní nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà parí ìpínyà wọn, tí òkun Àtìláńtíìkì gba àárín wọn. Àkèré tí kò lè fara da omi iyọ̀ kò lè wẹ òkun kọjá, nítorí náà ilẹ̀ tó pín ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ya Pipa nípa. Ìṣòro kan kù: bí Pipa bá sún mọ́ Hymenochirus ju bó ṣe sún mọ́ Xenopus lọ, gẹ́gẹ́ bí egungun ti wí, a jẹ́ pé ẹbí náà ti ń pín kí òkun tó dé, bí Pipa bá kọ́kọ́ yà, òkun lè jẹ́ ìdí ìpínyà àkọ́kọ́ yẹn. DNA kò tíì fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ lórí èyí.

Èyí tó yani lẹ́nu jù, lójú tèmi, ni ti kromosóòmù. Xenopus tropicalis ní 20, ìlọ́po méjì ti 10, bí ọ̀pọ̀ ẹranko ṣe ń ní méjìméjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Xenopus laevis ní 36, ìlọ́po mẹ́rin ti 9. Xenopus longipes, tó wà ní adágún Oku nìkan ní Kamẹrúùnù, ní 108, ìlọ́po méjìlá. Báwo? Irú méjì ló gun ara wọn. Ọmọ àdàlù bẹ́ẹ̀ kì í sábà lè bímọ, nítorí kromosóòmù bàbá kò rí ẹnì kejì láàárín ti ìyá. Ṣùgbọ́n bí gbogbo kromosóòmù náà bá di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, olúkúlùkù ti rí ẹnì kejì nìyẹn, irú tuntun sì ti dé. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2016 lórí Xenopus laevis fi hàn pé àwọn baba ńlá rẹ̀ méjì yà ní nǹkan bí 34 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì tún pàdé ní nǹkan bí 17 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Igi ìran tí ẹ̀ka rẹ̀ ń pín nìkan kò lè gba irú ìtàn yìí; ẹ̀ka náà tún ń so pọ̀.

Ayé ti jẹ àǹfààní ẹbí yìí. Láti nǹkan bí ọdún 1930 lọ, ìtọ̀ obìnrin ni wọ́n ń gún sí abo Xenopus laevis lára. Bí ó bá yé ẹyin, obìnrin náà ti lóyún. Ara rẹ̀ náà ni John Gurdon ti ṣe iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní ọdún 2012. Nígbà tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ ka gbogbo jíìnì àkèré kan tán, ní ọdún 2010, Xenopus tropicalis ni wọ́n yàn, láti inú ìran kan tó ṣẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Kromosóòmù rẹ̀ méjìméjì ló mú kí iṣẹ́ náà rọrùn.

Orúkọ títọ́ kì í ṣe eré níbí. Ní ọdún 2015, Ben Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo DNA, ìrísí ara, igbe abẹ́ omi àti àkọsílẹ̀ àtijọ́ láti dárúkọ irú Xenopus tuntun mẹ́fà ní Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, iye wọn sì di 29. Ọ̀kan nínú wọn, Xenopus mellotropicalis, jọ tropicalis débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n. 40 ni kromosóòmù tirẹ̀. Ẹni tó bá kà wọ́n sí ọ̀kan yóò gbà pé irú kan ṣoṣo ló wà káàkiri, tí ẹ̀rù rẹ̀ kò sì bani, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn lè máa tán lọ láìsí ẹni tó mọ̀. Ní agbègbè bí Warri, níbi tí a ti ń fi iyanrìn dí àbàtà láti kọ́lé, tí epo rọ̀bì sì ń dà sínú omi, ó lè jẹ́ adágún kékeré kan ló gbé èyí tí a kò tíì dárúkọ.