Pádì Máòsì Ọdún Kérésìmesì

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti rí máòsì tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà. Ará Amẹ́ríkà kan, Douglas Engelbart, ló ronú kàn án. Igi ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1964, ó sì ní wáyà bí ìrù. Ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi sọ ọ́ ní eku.

Ohun pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ sábẹ́ máòsì ni à ń pè ní pádì máòsì. Èyí tó wọ́pọ̀ ní aṣọ lókè àti rọ́bà nísàlẹ̀. Orí aṣọ ni máòsì ti ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Rọ́bà ni kì í jẹ́ kí pádì sún kúrò lójú kan.

Bí ọdún Kérésìmesì bá ń bọ̀, àwọn ọlọ́jà a máa ta èyí tó ní àwòrán ọdún: ìràwọ̀, agogo, tàbí Bàbá Kérésìmesì. Òmíràn ní àwòrán òjò dídì, bẹ́ẹ̀ òjò dídì kì í rọ̀ ní Ìbàdàn. Ọyẹ́ ni tiwa. Kò burú, àwòrán ni.

Owó ọdún tí ẹ̀gbọ́n àti òbí fún yín kò pọ̀. Ẹ má ná an sórí ohun tó kàn lẹ́wà lásán. Iná kékeré kan wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ máòsì òde òní, pẹ̀lú ohun tó ń ya àwòrán ojú pádì lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Máòsì yóò fi àwòrán kan wé èkejì, yóò sì mọ ibi tí ọwọ́ yín ń tì í sí. Bí ojú pádì bá ń dán bíi dígí, iná yóò ta padà, máòsì kò ní rí nǹkan gidi wò. Ọfà ojú kọ̀ǹpútà yóò wá máa fò kiri. Nítorí náà, ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n da ohun dídán wínníwínní sí, bó ti wù kó wù yín tó.

Ẹ fi ọwọ́ pa á pẹ̀lú. Bí àwòrán bá lé sókè bí ọ̀dà tó gbẹ, yóò tètè ṣí. Èyí tí wọ́n fi ooru tẹ aró rẹ̀ wọ inú aṣọ ló ń pẹ́. Bí wọ́n bá sì kọ ọdún sí i lára, ẹ rántí pé ní oṣù kìíní, ó ti di ti èṣí.

Eruku ọyẹ́ àti òógùn ọwọ́ a máa di ìdọ̀tí dúdú lójú pádì. Ẹ máa gbọn ọ́n nù lójoojúmọ́. Ẹ má mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́bàá rẹ̀. Bí ó bá dà sí i, èèrà yóò wá, máòsì yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ fi kànìnkànìn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ rọra fọ̀ ọ́. Ẹ má lo omi gbígbóná tàbí ohun tó ń bọ́ àwọ̀ aṣọ. Ẹ fi omi tútù ṣàn án, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ omi rẹ̀ jáde. Ẹ má fún un, kí rọ́bà má baà ya. Ẹ tẹ́ ẹ síbòòji títí yóò fi gbẹ, nítorí oòrùn a máa mú kí àwọ̀ ṣá. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án rárá! Bó bá jẹ́ oníke, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Lẹ́yìn ọdún, ẹ má ká a, kí etí rẹ̀ má baà gbé sókè máa kọ́ máòsì. Ẹ fi í sáàárín ìwé ńlá méjì, kí ẹ kó o sínú àpótí di Kérésìmesì mìíràn.