Ìdí Tí Dókítà Fi Ń Gba Ẹ̀jẹ̀ Kí Ó Tó Fúnni Ní Oògùn

Ó máa ń ya àwọn mọ̀lẹ́bí lẹ́nu pé ara aláìsàn wọn ń gbóná janjan, síbẹ̀ dókítà ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní antibáyótíìkì, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò bakitéríà. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ rò pé ọ̀nà àtigba owó ni. A fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1945, Alexander Fleming, ẹni tó ṣàwárí pẹnisílìnì, kìlọ̀ pé bí a bá ń lo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó, kòkòrò yóò di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Ìkìlọ̀ yìí ti ṣẹ. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ló fa ikú ènìyàn bíi mílíọ̀nù 1.27 káàkiri àgbáyé ní ọdún 2019. Bí a bá fi wé iye olùgbé, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti le jù.

Ní yàrá àyẹ̀wò, àwọn òṣìṣẹ́ a fi ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tàbí ọyún sínú oúnjẹ tí kòkòrò fẹ́ràn, níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè pọ̀. Wọn a wá mú kòkòrò náà, wọn a sì to bébà róbótó kéékèèké tí a ti rẹ sínú oríṣiríṣi oògùn lé e lórí. Ní ọjọ́ kejì, bí àyíká bébà kan bá mọ́ gbalaja, oògùn yẹn ṣì lágbára. Bí kòkòrò bá hù dé ẹ̀bá rẹ̀, oògùn náà kò ràn án mọ́.

Àǹfààní èsì yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ aláìsàn kan ṣoṣo. Bí a bá kó èsì ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, ilé ìwòsàn yóò rí kòkòrò tó ń ti orí ibùsùn kan bọ́ sí òmíràn, dókítà yóò sì mọ oògùn tó yẹ kó kọ́kọ́ lò. Láti ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti ní ètò àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àjọ NCDC sì ń gba èsì láti àwọn ilé ìwòsàn tó ń kópa. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbé kápúsù méjì tàbí mẹ́ta mì kó tó dé ilé ìwòsàn lè mú kí kòkòrò má hù ní yàrá àyẹ̀wò, nígbà tí àrùn ṣì wà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń rọ gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ yìí pé:

- Ẹ má ra antibáyótíìkì láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún yín. Kì í wo ibà, kì í sì í wo ọ̀fìnkìn.
- Ẹ má fi àṣẹ́kù oògùn yín fún ẹlòmíràn.
- Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ti lò fún dókítà, títí kan èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ akiri.
- Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe bẹ̀rù ìdádúró. Bí àìsàn bá le, gbàrà tí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ tán ni ìtọ́jú yóò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èsì bá dé, dókítà lè yí oògùn náà padà sí èyí tó bá kòkòrò náà mu.