Mọremí Di Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé fíìmù kàtúùnù kan tó ń jẹ́ "Moremi". Shofela Coker, ọmọ Nàìjíríà, ló darí rẹ̀. Ó wà lára fíìmù kéékèèké 10 tí wọ́n kó jọ sábẹ́ orúkọ Kizazi Moto: Generation Fire, tó jáde lórí Disney+ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ọdún 2023.

Ká kọ́kọ́ rántí ìtàn tí àwọn àgbà sọ. Àwọn kan máa ń wá kó ará Ifẹ̀ lẹ́rú. Koríko gbígbẹ àti ìko ni wọ́n fi ń bora, làwọn èèyàn bá rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Mọremí lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ létí odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó wá jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ. Ọba wọn fi í ṣaya. Ibẹ̀ ló ti rí i pé èèyàn bíi tiwa ni wọ́n. Ó sá padà wálé, ó ní kí ará Ifẹ̀ fi ògùṣọ̀ dúró dè wọ́n. Koríko pàdé iná, ogun parí! Àmọ́ odò ní Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lòun máa gbà. Wọ́n ṣì ń rántí Mọremí nígbà ọdún Edì ní Ifẹ̀.

Nínú fíìmù yìí, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Mọremí. Àwọn òmìrán tí ebi ẹ̀mí èèyàn ń pa ni ọ̀tá. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Luo, tó há sí ilẹ̀ àwọn òrìṣà. Mọremí ló ràn án lọ́wọ́ kó lè rántí ohun tó ti kọjá.

Àwọn kan á ní wọ́n ti ba ìtàn wa jẹ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀. Ìyá ṣì wà níbẹ̀, ìlú ṣì wà nínú ewu, ohun tí ìyá fi gba ìlú là ṣì dun èèyàn wọra. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọ̀dọ̀ ọmọ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ti àtijọ́, ta ló tiẹ̀ bi Olúorogbo léèrè? Wọ́n kàn fà á kalẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tó kan àwa tí à ń gbé Onitsha. Nínú ìwé Samuel Johnson tó jáde lọ́dún 1921, "Igbo" ló pe àwọn tó ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú. Tí a bá sọ ìtàn yìí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwọn ọ̀rẹ́ wa á ní, "Ah-ah, ṣé àwa nìyẹn?" Rárá o! Orúkọ ló jọra. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ní àwọn Ùgbò ni, tí ìran wọn ṣì wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n sì ń sọ Yorùbá. Ẹnikẹ́ni ò ti ìsọdá Odò Ọya níbí lọ kó Ifẹ̀ lẹ́rú.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ wo fíìmù yìí, ká kọ́kọ́ sọ ti àtijọ́, ká sì pe Ùgbò ní Ùgbò. Nígbà náà, àwọn ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ Ìgbò á lè jókòó tì wá wò ó, inú ẹnikẹ́ni ò sì ní bàjẹ́.