Pìtò àti Bùrùkùtù: Ẹ Ṣọ́ Ọtí Yín Bó Bá Kúrò Lórí Iná

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Karmo máa ń kún jù. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni Karmo, ní agbègbè Abuja, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ẹ̀yà ló ti ń gbé ibẹ̀ báyìí, ọtí bàbà kò sì ṣàjèjì sí wọn: bùrùkùtù tó ki, pìtò tó ṣàn. Àwa Yorùbá náà mọ irú rẹ̀. Àgbàdo ni a fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tiwa. Apọntí a máa ṣọ́ iná gan-an, àmọ́ ìgbà tí ọtí bá kúrò lórí iná ni ìdọ̀tí ń ráyè wọ inú rẹ̀.

Kò tíì di ọtí

Wọ́n á rẹ bàbà, wọ́n á jẹ́ kó hù fún bí ọjọ́ 4 sí 5, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sì sè é. Bí pìtò bá jinná, omi aládùn lásán ló ṣì jẹ́. Ìwúkàrà ni yóò jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tí yóò sọ ọ́ di ọtí. Àdùn yìí kan náà ni kòkòrò búburú ń wá. Iná ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n pìtò kì í padà sórí iná mọ́ kí wọ́n tó mu ún.

Ẹ jẹ́ kó tutù kíákíá

Bí ẹ bá da ìwúkàrà sínú omi gbígbóná, yóò kú. Ẹ dúró kó lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 30°C, kí ara ìkòkò má ta yín lọ́wọ́ mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó wà ní lílọ́wọ́ọ́rọ́ di ọjọ́ kejì láìsí ìwúkàrà. Ẹ gbé ìkòkò náà, tòun ti ìdérí, sínú bàsíà omi tútù, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà.

Igbá, asẹ́ àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀

Igbá tí wọ́n fi bu ọtí fún oníbàárà ni wọ́n tún máa ń fi bu omi bàbà sínú kẹ́ẹ̀gì. Èyí kò dára. Ẹ fi ọṣẹ fọ igbá, asẹ́ àti kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì fi omi híhó ṣàn wọ́n. Ẹ má fi ẹnu fa rọ́bà láti gbé ọtí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó dára nìkan ni kí ẹ fi ṣe ìwúkàrà. Èyí tó ti bàjẹ́ yóò ba ti tuntun jẹ́.

Inú kí ni ẹ ń dà á sí?

Kẹ́ẹ̀gì tó ti gba kẹ́míkà, ọ̀dà tàbí oògùn kòkòrò kò ṣeé lò, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Garawa páànù kò yẹ pẹ̀lú, nítorí ìkan ọtí a máa jẹ irin rẹ̀. Ẹ lo ìkòkò amọ̀ tàbí kẹ́ẹ̀gì oúnjẹ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè fún ìfófòó, kí ẹ má sì dé e pa: atẹ́gùn tí ọtí ń tú jáde lè fọ́ ọ. Aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi bò ó.

Iná kì í wo ọkà tó ti bàjẹ́ sàn

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, ènìyàn 75 kú ní Chitima, ní Mòsáńbíìkì, lẹ́yìn tí wọ́n mu ọtí ìbílẹ̀ níbi ìsìnkú kan. Àyẹ̀wò fi hàn pé májèlé tí kòkòrò *Burkholderia gladioli* ń ṣe ló wà nínú ọtí náà. Síse kì í pa májèlé yìí. Bí bàbà tàbí ìyẹ̀fun bá ti bu, ẹ má pọn ọtí rẹ̀.

Ní ọdún 2015 yẹn náà, májèlé methanol tó wà nínú ògógóró pa àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ògógóró tí kò mọ orísun rẹ̀ sínú bùrùkùtù kó lè le.

Ẹ̀yin apọntí Karmo, bí ọtí bá ń rùn lódì, tàbí tí ẹ kò mọ ohun tó kán sínú rẹ̀, ẹ dà á nù. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ún, ẹ wo igbá àti kẹ́ẹ̀gì kí ẹ tó sanwó.